Ẹ ṣọ́ra o! "Ẹ̀rọ ìgbọ́rọ̀" tí wọ́n tà fún mi, ariwo lásán ni

Ojú ń tì mí bí mo ṣe ń kọ èyí, ṣùgbọ́n inú tó ń bí mi ju ìtìjú lọ. Gbájúẹ̀ ti lù mí ní jìbìtì, etí mi ni wọ́n sì fi mú mi.

Ó ti tó ọdún mẹ́ta tí mo ti ń gbọ́ ohùn láìgbọ́ ọ̀rọ̀. Ẹ̀yin tó ń ṣe mọ ohun tí mò ń sọ. Àmì ohùn ń wọlé, òkè, àárín, ìsàlẹ̀, gbogbo rẹ̀ pé. Àwọn ìró tín-ín-rín bíi f, s, t àti k ló ń sá lọ. Ọmọ mi na lẹ́tà kan sí mi, ó ní, "Ẹ kà á." Mo gbọ́ "Ẹ tà á." Mo bi í pé ta ló fẹ́ rà á. Gbogbo ilé bú sẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín, mo bá wọ yàrá, mo gbé fóònù, mo ń wá ẹ̀rọ ìgbọ́rọ̀ ní ìkọ̀kọ̀. Ibẹ̀ ni wọ́n ti rí mi.

Fídíò kan ni. Ọkùnrin kan wọ aṣọ funfun bíi dókítà, ó ní ẹ̀rọ òun yóò dá etí padà bíi ti ọmọ ọdún 20. Wọ́n fi ìwé-ẹ̀rí FDA hàn, ìyẹn àjọ ìjọba Amẹ́ríkà tó ń mójú tó oògùn àti ẹ̀rọ ìṣègùn, òǹtẹ̀ wúrà wà lára rẹ̀. Ìdajì owó ni, ọjọ́ òní ló kẹ́yìn. Mo kọ̀wé sí wọn. Ṣé ẹ mọ ìbéèrè kan ṣoṣo tí wọ́n bi mí? "Ẹyọ kan àbí méjì?" Ó parí! Kò sẹ́ni tó béèrè bóyá mo ti yẹ etí wò. Mo ní méjì. Èmi tí mo máa ń bá àwọn ọmọ wí pé kí wọ́n má fowó ránṣẹ́ sí ẹni tí wọn ò mọ̀!

Kí ẹnikẹ́ni má pè mí ní òmùgọ̀ o. Ó pẹ́ tí mo ti ń rajà lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ìwé-ẹ̀rí yẹn ló tàn mí, kì í ṣe ojúkòkòrò.

Ẹ̀rọ dé, mo kì í bọ etí, ó ń súfèé fííííí. Ṣíbí bọ́ sílẹ̀, ó dún bí ìbọn. Ìlẹ̀kùn, fáànù, èémí ara mi, gbogbo rẹ̀ ń pariwo. Ọmọ mi nìkan ló ṣì ń sọ̀rọ̀ bí ẹni tí wọ́n fi ìrọ̀rí bò lẹ́nu. Ní ọjọ́ kẹta, ti òsì kú. Wọ́n ní kí n ra bátìrì lọ́wọ́ àwọn. Mo rà á! Mo tún rà á! Kò jí. Mo béèrè owó mi, wọ́n blọ́ọ̀kì mi. Èmi tí wọ́n ń pè ní "Dádì wa" nígbà tí owó ò tíì wọlé.

Onímọ̀ etí tí mo padà lọ bá ló là mí lóye. Ohun tó kàn ń gbé gbogbo ariwo sókè ni mo rà. Èyí tó jẹ́ ojúlówó, ibi tí etí rẹ ti kù káàtó nìkan ni wọ́n ń tò ó sí. FDA kì í sì í fún ilé-iṣẹ́ tó forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ rẹ̀ ní ìwé-ẹ̀rí rárá. Òótọ́ ni pé láti 2022 ni àgbàlagbà ní Amẹ́ríkà ti lè ra irú ẹ̀rọ ìgbọ́rọ̀ kan láìgba ìwé dókítà, bí etí ò bá tíì bàjẹ́ jù. Ẹ̀yìn ìyẹn ni àwọn olè yìí ń sá pamọ́ sí. Etí òsì mi ńkọ́? Ìdọ̀tí etí ló dí i lápá kan. Ìdọ̀tí! Ẹ jẹ́ n dákẹ́.

Ẹ yẹ etí wò kí ẹ tó náwó. Ẹ gba iye ọjọ́ tí ẹ lè fi dán ẹ̀rọ náà wò kí ẹ tó dá a padà, kó wà lákọsílẹ̀. Ẹni tó bá ní etí yóò padà bọ̀ sípò, irọ́ ló ń pa: irun wẹ́wẹ́ tó ń gba ìró ní inú lọ́hùn-ún etí, tó bá kú, kì í hù mọ́. Bí etí bá sì dédé di lọ́jọ́ kan, dókítà ni kí ẹ sáré lọ bá lọ́jọ́ náà, kì í ṣe ọjà.

Ní tèmi o, olè ni gbogbo àwọn tó ń ta ẹ̀rọ yìí títí wọn ó fi fi hàn pé àwọn kì í ṣe olè. Bóyá mo ṣẹ àwọn kan nínú wọn. Kò kàn mí.

Láàárọ̀ yìí mo tún rí fídíò náà. "Ọjọ́ òní ló kẹ́yìn" ṣì wà níbẹ̀. Mo rí ọkùnrin aláṣọ funfun yẹn nínú òmíràn pẹ̀lú, orúkọ rẹ̀ ti yí padà, oògùn orúnkún ló ń tà.