Ìkìlọ̀ fún ẹni tó fẹ́ fi extractor (fáànù tó ń fa ooru omi jáde) sí balùwẹ̀: ẹ wo ibi tí ẹnu páìpù já sí kẹ́ ẹ tó sanwó

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń kọ́lé lọ́wọ́ ní Ìlọrin, Ọ̀ffà títí dé Òmù-Àrán, àgàgà ẹ̀yin onílé self-con ní Tanke tí balùwẹ̀ yín wà láàárín ilé láìní fèrèsé, ọ̀rọ̀ yìí kàn yín. Àwọn kan ń ta extractor pọ̀ mọ́ iṣẹ́ rẹ̀: fáànù, páìpù, gíríìlì ìta, owó iṣẹ́, gbogbo ẹ̀ á wà nínú bílì. Wọ́n á gé ihò sí sílíǹgì POP, wọ́n á de fáànù mọ́ ọn, wọ́n á tan súíìṣì, á máa hó, wọ́n á gbowó, wọ́n á lọ. Páìpù tẹ́ ẹ sanwó fún ò sí níbẹ̀. Tó bá tilẹ̀ wà, ńṣe ni wọ́n ká a jọ sókè àjà, tí ẹnu ẹ̀ dojú kọ páànù.

Fáànù tí wọ́n ṣe báyìí ò lé ooru omi kúrò nílé. Ó kàn ń kó o kúrò ní balùwẹ̀ lọ sókè àjà níbi tójú yín ò tó ni. Afẹ́fẹ́ gbígbóná tó kún fún omi, bó bá ti kan nǹkan tútù, omi inú ẹ̀ á sẹ̀ sí i lára. Páànù àlùmíníọ́mù sì máa ń tutù gan-an lóru, pàápàá nígbà ọyẹ́ tí gbogbo ilé ń fi omi gbígbóná wẹ̀. Omi á so mọ́ abẹ́ páànù, á máa kán sórí igi àti sórí POP. Lákòókò ẹ̀ẹ̀rùn, oòrùn ọ̀sán lè gbẹ díẹ̀ nínú ẹ̀. Nígbà òjò, kò ráyè gbẹ. Ibẹ̀ ni èébu dúdú ti ń bẹ̀rẹ̀. Tó bá pẹ́, igi á máa jẹrà, wáyà àti ìṣó tó gbé POP dúró á dípẹtà, omi á sì dé ibi tí oníná ti so wáyà pọ̀. Ẹni tó lo sílíǹgì PVC ni kó ṣọ́ra jù, torí PVC kì í fi àbàwọ́n hàn. Òkè á ti bàjẹ́ tán kí ìsàlẹ̀ tó sọ fún yín.

Jìbìtì kejì ń bọ̀ lẹ́yìn. Bí ẹ bá pè wọ́n pé sílíǹgì ti ń bu, wọ́n á ní òrùlé ló ń jò, wọ́n á mú kápẹ́ńtà wá tú páànù tí kò ṣe nǹkan kan. Tàbí kí wọ́n ta ọ̀dà "apa-èébu" fún yín, èyí tí èébu á tún yọ lójú ẹ̀ láìpẹ́. Ẹ mọ ìyàtọ̀: àbàwọ́n òrùlé tó ń jò máa ń jáde lẹ́yìn òjò, ojú kan ló sì máa ń wà, àwọ̀ ilẹ̀ ni, tó ní etí bí àwòrán ilẹ̀. Ti extractor máa ń jẹ́ ẹ̀kán dúdú wínníwínní, á yí fáànù ká, á lọ sí kọ̀rọ̀ sílíǹgì, á sì máa pọ̀ sí i kódà nígbà tí òjò ò rọ̀. Èébu tó ń yọ nínú oṣù January, kì í ṣe ti òjò o.

Wọ́n á tún fi tíṣù pa yín lójú. Wọ́n á lẹ tíṣù mọ́ ẹnu fáànù, á fà á mọ́ra, wọ́n á ní, "Ẹ wò ó, Àlàájì, ó ń fà." Bẹ́ẹ̀ ni, ó ń fà. Ṣùgbọ́n tíṣù ò lè sọ ibi tó ń kó o lọ. Ìta ni kẹ́ ẹ ti yẹ̀ ẹ́ wò: kí ẹnì kan tan fáànù, kí ẹ̀yin dúró níwájú gíríìlì ìta. Ó yẹ kí abala rẹ̀ tó ń ṣí tó ń padé gbé sókè, kẹ́ ẹ sì fi ọwọ́ mọ atẹ́gùn. Tí ẹ bá tan oògùn ẹ̀fọn sábẹ́ fáànù nínú balùwẹ̀, òórùn ẹ̀ gbọ́dọ̀ bá yín níta. Tí kò bá sí gíríìlì kankan lára ògiri ìta, ọ̀rọ̀ ti tán.

Lórí fáànù fúnra ẹ̀: òǹkà afẹ́fẹ́ tó ń fà tí wọ́n kọ sára páálí, láìsí páìpù ni wọ́n fi wọ̀n ọ́n. Ìlànà ilé kíkọ́ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì béèrè lítà 15 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan fún balùwẹ̀, ìyẹn mítà oníhà mẹ́ta 54 ní wákàtí kan. Èyí tó ní abẹ̀bẹ̀ bíi ti fáànù tábìlì dára fún kó kàn gba inú ògiri kọjá. Tí páìpù bá ti gùn ju mítà kan àbọ̀ tàbí méjì lọ, agbára ẹ̀ ò ní gbé e. Ẹ béèrè fún centrifugal (èyí tó lágbára láti ti afẹ́fẹ́ gba páìpù gígùn), tàbí in-line tí wọ́n ń so mọ́ àárín páìpù. Tẹ́ ẹ bá délé ìtajà ní Táíwò Road n'Ílọrin tí wọ́n ní "heavy duty ni gbogbo ẹ̀," ẹ ní kí wọ́n fi òǹkà hàn yín.

Ibi tó kúrú jù dé ògiri ìta ni kí páìpù gbà. Tí balùwẹ̀ bá fara kan ògiri ìta, ẹ má jẹ́ kí wọ́n gba òkè àjà rárá. Kí wọ́n dá ògiri lu, kí páìpù íǹṣì 4 wà nínú ihò, fáànù nínú, gíríìlì níta. Kí ihò náà rẹlẹ̀ díẹ̀ sọ́nà ìta, bíi sẹ̀ǹtímítà 1, kí òjò má baà ṣàn wọlé.

Tí balùwẹ̀ bá wà láàárín ilé, páìpù PVC íǹṣì 4 tí púlọ́ńbà ń lò sàn ju páìpù fóìlì tó ń ká lọ. Inú ẹ̀ dán, kì í sì í wó. Kí wọ́n so ó mọ́ igi ní mítà mítà, kó máa rẹlẹ̀ lọ sí ìta ní sẹ̀ǹtímítà 2 fún mítà kan, kó má sì ní ju kọ̀rọ̀ méjì lọ. Tó bá jẹ́ fóìlì ni wọ́n lò, kí wọ́n nà án gbọnrangandan, kí wọ́n gé èyí tó ṣẹ́kù dànù, kí wọ́n fi kílíìpù irin dì í lẹ́nu méjèèjì. Ibi tí fóìlì bá ti fì sísàlẹ̀, omi á gbára jọ síbẹ̀, á dí afẹ́fẹ́, tó bá kún, á padà sínú mọ́tò fáànù.

Ẹ má gbà kí wọ́n fi ẹnu páìpù sábẹ́ etí òrùlé tó ní ihò afẹ́fẹ́, torí ibẹ̀ ni ooru á gbà padà sókè àjà. Èyí tó burú jù ni ti àwọn tó ń so ó mọ́ páìpù tó ń gbé òórùn sókàwéè jáde. Nígbà tí iná bá lọ, òórùn yẹn á wá bá yín nínú balùwẹ̀. Nẹ́ẹ̀tì ẹ̀fọn ò dára lẹ́nu gíríìlì, eruku ọyẹ́ á dí i pa. Abala tó ń ṣí tó ń padé tó láti lé aláǹgbá àti agbọ́n. Ẹ máa fọ̀ ọ́ lẹ́yìn ọyẹ́.

Abẹ́ ilẹ̀kùn balùwẹ̀ gbọ́dọ̀ ṣí ní sẹ̀ǹtímítà 1, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ fáànù ò ní rí afẹ́fẹ́ fà. Èyí tó ní timer tó ń ṣiṣẹ́ fún bíi ìṣẹ́jú 15 lẹ́yìn ìwẹ̀ nílò wáyà iná tí kì í kú bí ẹ bá pa gílóòbù. Ọ̀pọ̀ oníná kàn ń so ó mọ́ ti gílóòbù nìkan, ni timer ò ṣe ní wúlò.

Ẹ má san owó tán kí wọ́n tó bo POP. Ẹ gun àkàbà, ẹ wo páìpù náà láti fáànù dé ògiri, ẹ ya fọ́tò.

Ẹni tí tiẹ̀ ti bu, kó tún páìpù ṣe ná kó tó fọ ohunkóhun. Èébu tí kò ju ẹsẹ̀ bàtà 3 sí 3 lọ, ẹ lè fi ọṣẹ àti omi fọ̀ ọ́ fúnra yín, pẹ̀lú ìbọ̀wọ́ àti ìbòmú. Ẹ má fi búrọ́ọ̀ṣì gbígbẹ ha á, ẹ má sì po bleach mọ́ oògùn ìfọ-tọ́ílẹ́ẹ̀tì. Páálí sílíǹgì tó ti mumi rọ̀, ẹ yọ ọ́ kúrò. Ilé àtijọ́ tí sílíǹgì ẹ̀ jẹ́ asbestos, ẹ má ha á, ẹ má gé e, ẹ pe ẹni tó mọ bí wọ́n ṣe ń yọ ọ́.

Rìsíìtì yín gbọ́dọ̀ kọ fáànù, gígùn páìpù àti gíríìlì ìta sọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Ẹni tó bá gbowó páìpù tí kò fi í síbẹ̀, rìsíìtì yẹn àti fọ́tò òkè àjà lẹ máa fi pe ẹjọ́ ẹ̀ lọ́dọ̀ FCCPC, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń gbèjà oníbàárà, lábẹ́ òfin 2018 tó dáàbò bo oníbàárà.