Sáà kan nínú kíláàsì rọ́bọ́ọ̀tì ní Ìlọrin: ohun tí mo rí

Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ parí kọ́ọ̀sì rọ́bọ́ọ̀tì tó jẹ́ ti ìbẹ̀rẹ̀ fún àwọn tó ń gba oyè másítáàsì, ní yunifásítì kan ní Ìlọrin níbí. Àwọn ọ̀rẹ́ ń bi mí bóyá kí àwọn náà forúkọ sílẹ̀. Mo ní kí wọ́n ṣe bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n kí wọ́n má lọ lọ́wọ́ òfo.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà àkọ́kọ́, a ò fojú kan rọ́bọ́ọ̀tì. Ìṣirò orí pátákó ni ṣáá: mátíríìsì (nọ́ńbà tí wọ́n tò ní ìlà àti òpó), lẹ́yìn náà ọ̀nà tí àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ méjì, Denavit àti Hartenberg, gbé jáde ní 1955, tó ń fi nọ́ńbà mẹ́rin péré sọ bí oríkèé kan ṣe tẹ̀ lé èkejì. Ó ti pẹ́ tí mo ti kúrò nílé ìwé, orí mi gbóná. Ẹni tó bá ti gbàgbé mátíríìsì, kó jókòó tì í fún oṣù kan gbáko kó tó wọlé.

Ọjọ́ tí ojú mi là ni ọjọ́ tí olùkọ́ wa gbé ife kan sórí tábìlì, tó ní kí n nawọ́ mú un. Mo mú un. Ó ní kí n má fi ife sílẹ̀ o, kí n kàn gbé ìgbọ̀nwọ́ mi sókè. Ọwọ́ mi ò kúrò lára ife, ìgbọ̀nwọ́ nìkan ló pààrọ̀ àyè. Ó ní, “Ṣé ẹ rí i? Ibì kan náà lọwọ́ wà, ọ̀nà méjì ló gbà débẹ̀. Ẹ̀yin lẹ máa sọ èyí tí rọ́bọ́ọ̀tì máa mú.” Inverse kinematics, ìyẹn ìṣirò bí oríkèé kọ̀ọ̀kan ṣe máa tẹ̀ kí ọwọ́ lè dé ibi tá a fẹ́, tó ti ń dẹ́rù bà mí láti ọ̀sẹ̀ méjì nìyẹn. Bí ife bá sì jìnnà débi tí apá nà tán, ọ̀nà méjèèjì á di ẹyọ kan. Mo délé, mo tún un ṣe lójú ìyá mi.

Nígbà tó kan lábù, apá rọ́bọ́ọ̀tì olóríkèé méjì tí ẹgbẹ́ wa fi servo SG90 méjì (mọ́tò kékeré tó ń yí oríkèé) àti Arduino (pátákó kọ̀ǹpútà kékeré tó ń darí wọn) ṣe ń gbọ̀n bí ẹni tí ibà mú, Arduino ọ̀hún sì ń kú, ó ń jí. Ìrọ̀lẹ́ méjì la fi tún kóòdù kọ. Ẹ̀gbọ́n tó ń mójú tó lábù wò ó lẹ́ẹ̀kan, wọ́n ní, “Ebi iná ló ń pa á.” Ara Arduino ni servo méjèèjì ti ń fa iná, bí wọ́n bá gbéra pọ̀, iná á lọọlẹ̀. Wọ́n fún servo ní bátìrì tiwọn, wọ́n so wáyà ground (wáyà òdì) ti bátìrì mọ́ ti Arduino, ìgbọ̀n náà sì dáwọ́ dúró. Kò sí nínú ìwé tí wọ́n fún wa.

Ẹ̀kọ́ ROS (sọ́fítíwíà tá a fi ń kọ ètò rọ́bọ́ọ̀tì) àti Gazebo (èyí tó ń ṣe àfarawé rọ́bọ́ọ̀tì lórí kọ̀ǹpútà) dára, àmọ́ kọ̀ǹpútà mi ò lágbára tó, iná ọba náà ò sì ràn wá lọ́wọ́.

Ohun tó dùn mí jù ni pé rọ́bọ́ọ̀tì ẹlẹ́sẹ̀ táyà kan ṣoṣo ni gbogbo kíláàsì ń pín lò. Ìṣẹ́jú díẹ̀ ló kàn mí lọ́sẹ̀. Ìṣẹ́jú díẹ̀ yẹn náà ló sì kọ́ mi jù. Ọyẹ́ ti mú nígbà náà, eruku bo ilẹ̀ lábù. Rọ́bọ́ọ̀tì ka iye ìgbà tí táyà yí, ó ní òun ti rin mítà méjì. Mo fi téèpù wọ̀n ọ́n: mítà kan àti sẹ̀ǹtímítà 70. Táyà ń yọ̀ lórí eruku, ó sì ń kà á mọ́ ìrìn. Eruku ò sí ní ilẹ̀ Gazebo tiwa. Ibẹ̀ ni mo ti mọ ìdí tí wọ́n ṣe ń fi Kalman filter, ọgbọ́n ìṣirò tí Kálmán kọ jáde ní 1960 láti da ẹ̀rí oríṣiríṣi pọ̀, da wá láàmú: kí rọ́bọ́ọ̀tì má gba ẹ̀rí táyà nìkan gbọ́.

Ẹ ra Arduino àti servo tiyín. Kí ẹ tó sanwó ilé ìwé, ẹ lọ sí lábù fúnra yín, ẹ bi wọ́n pé rọ́bọ́ọ̀tì mélòó ló ń ṣiṣẹ́, àti pé wákàtí mélòó lẹ máa fi fọwọ́ kàn án lọ́sẹ̀.