Àwọn tó kó ẹrù wa láti Chicago lọ Denver: wọ́n mọṣẹ́, àmọ́ wọn kì í pe èèyàn

Kí n tètè sọ ọ́ o. Tá a bá tún ní ká kó kúrò níbì kan lọ síbòmíì ní Amẹ́ríkà lọ́la, àwọn kan náà yìí ni màá pè, torí wọ́n mọ ẹrù dì, wọ́n mọ̀ ọ́n gbé, wọn ò sì yí owó padà mọ́ wa lọ́wọ́ lójú ọ̀nà. Ibi tí wọ́n ti já mi kulẹ̀ ni ọ̀rọ̀ fóònù, ìyẹn náà màá sọ ọ́ bó ṣe rí.

Ìdí tí mo fi ń kọ ọ́ ni pé Àkúrẹ́ ni mo wà báyìí, mo wá wo màámi, àtìgbà tí mo sì ti dé ni wọ́n ti ń bi mí, nínú Ọjà Ọba o, ní ṣọ́ọ̀ṣì o, níbi ìnáwó tá a lọ ní Ìjàpọ̀ pàápàá wọ́n bi mí. Àwọn tó lọ́mọ tàbí àbúrò ní Chicago pọ̀ nílùú yìí, àwọn ọmọ yẹn sì ti ń sọ fún wọn pé òtútù ti sú àwọn, àwọn fẹ́ kó lọ sápá ibi tí òkè àti oòrùn wà, Denver, Colorado Springs, Salt Lake City. Ìbéèrè gbogbo wọn ò ju kan lọ: ta ló máa bá wọn kó ẹrù, ṣé onítọ̀hún ò sì ní gbé ẹrù sá lọ?

Òtútù Chicago yẹn, mi ò bá ẹnikẹ́ni jiyàn lórí ẹ̀. Ní January 30, 2019, ó já wálẹ̀ dé -23 ní Fahrenheit, ìyẹn nǹkan bíi -31 ní Celsius, wọ́n ti ilé ìwé, àwọn tó ń pín lẹ́tà gan-an ò jáde. Èyí tó wá ń dá mi lágara jù ni ojú ọ̀run tó máa ń ṣú síni lórí látọjọ́ dọ́jọ́ láìsí oòrùn. Nígbà tí iṣẹ́ ọkọ mi ní kó máa bọ̀ ní Denver, kò sẹ́ni tó ní ká dúró rò ó wò nínú ilé wa.

Ẹ jẹ́ n ti orí èyí tó ṣe pàtàkì jù bẹ̀rẹ̀. Tẹ́ ẹ bá wá akẹ́rù lórí íntánẹ́ẹ̀tì, oríṣi méjì lẹ máa bá pàdé, wọ́n sì jọra wọn lójú. Àwọn kan ní tírélà tiwọn, wọ́n ní òṣìṣẹ́. Àwọn kejì ò ní taya kan ṣoṣo, alágbàtà ni wọ́n, wọ́n á gba iṣẹ́ lọ́wọ́ yín, wọ́n á gbé e fún ẹni tó lọ́kọ̀. Kò lòdì sófin o, àmọ́ ọjọ́ tí wàhálà bá dé, ẹni tẹ́ ẹ bá sọ̀rọ̀ kọ́ lẹrù yín wà lọ́wọ́ ẹ̀. Irú alágbàtà bẹ́ẹ̀ kan pè wá, kò rí yàrá wa, kò béèrè iye àga tá a ní, ó ti dá iye lé e, iye yẹn sì kéré débi pé ọkọ mi ní kò lè jẹ́ òótọ́, ló bá tún ní ká san ìlàjì owó sílẹ̀ kílẹ̀ ọjọ́ yẹn tó ṣú. A ò dá a lóhùn mọ́.

Ohun tẹ́ ẹ máa fi dá wọn mọ̀ ni nọ́ńbà USDOT. Ilé iṣẹ́ tó bá máa kó ẹrù láti ìpínlẹ̀ kan sí òmíì gbọ́dọ̀ ní in, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń jẹ́ FMCSA ló wà nídìí ẹ̀, ọ̀fẹ́ sì ni kéèyàn lọ tẹ nọ́ńbà yẹn sórí wẹ́bù wọn kó wò ó bóyá akẹ́rù ni wọ́n tàbí alágbàtà, àti ẹ̀sùn táwọn èèyàn ti fi kàn wọ́n. Àwọn tá a lò yìí fi tiwọn ránṣẹ́ kí n tó béèrè. Mo tẹ̀ ẹ́, ó bá orúkọ wọn mu, àpèjẹ́ akẹ́rù ló sì gbé jáde.

Kí wọ́n tó dárúkọ owó, wọ́n ní ká ṣí fídíò lórí fóònù. Obìnrin kan ló wà lódìkejì, yàrá dé yàrá ló ní kí n gbé fóònù lọ, ó ní kí n ṣí kọ́bọ́ọ̀dù, kí n wo abẹ́ bẹ́ẹ̀dì, nígbà tá a dé kíṣìnì ló rí odó, ó ní kí nìyẹn, mo ní odó ni, ohun tá a fi ń gún iyán, ó ní ṣé mo lè gbé e sórí ìwọ̀n. Mo gbé e, ó kọ ọ́ sílẹ̀. Inú mi dùn gan-an sí ìyẹn, torí bí ẹrù bá ṣe wúwo àti bí ibi tó ń lọ bá ṣe jìnnà ni wọ́n fi ń gba owó, ẹni tó bá sì ka odó mọ́ páálí lásán, ọjọ́ tí wọ́n bá gbé tírélà gun ìwọ̀n ni ẹ máa mọ̀.

Lórí owó náà, oríṣi ìwé méjì ló wà. Nínú ọ̀kan, iye tí wọ́n kọ náà ni ẹ máa san, kò sókè kò sódò. Nínú ìkejì wọ́n á fojú bù ú, wọ́n á wọn ẹrù kí wọ́n tó mọ iye gan-an. Ìkejì la mú. Òfin ibẹ̀ ni pé tó bá jẹ́ èyí tí wọ́n fojú bù, lọ́jọ́ tí wọ́n bá gbé ẹrù dé, wọn ò lè ní kẹ́ ẹ san ju 110% iye tí wọ́n kọ kí wọ́n tó já a sílẹ̀. Tí wọ́n bá kọ 4,000 dọ́là, 4,400 lẹnu ẹ̀ mọ lọ́jọ́ yẹn, èyí tó bá ṣẹ́ kù, ó di ẹ̀yìn 30 ọjọ́ kí wọ́n tó béèrè ẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ èyí fáwọn ọmọ yín dáadáa, torí ọgbọ́n tí àwọn oníjìbìtì ibẹ̀ ń dá ni pé wọ́n á kó ẹrù wọ ọkọ̀ tán, wọ́n á sọ iye di ìlọ́po méjì, wọ́n á ní tẹ́ ẹ ò bá san, ẹ ò ní rí páálí kankan.

Ìdáàbòbò ẹrù tún wà níbẹ̀. Èyí tí wọn ò gba owó lórí ẹ̀, 60 sẹ́ǹtì ni wọ́n máa san lórí ìwọ̀n pọ́ùn kọ̀ọ̀kan nǹkan tó bá bàjẹ́. Tẹlifíṣọ̀n tó bá wúwo tó 30 pọ́ùn, 18 dọ́là ni wọ́n máa kà lé yín lọ́wọ́, iye yòówù kẹ́ ẹ ti rà á. Èyí tí wọ́n ń pè ní full value, owó ni o, àmọ́ tí nǹkan bá bàjẹ́, wọ́n gbọ́dọ̀ tún un ṣe, tàbí kí wọ́n pààrọ̀ ẹ̀, tàbí kí wọ́n san iye tó ń lọ lọ́jà. A san tiwa.

Ìparí oṣù kẹta ni wọ́n wá kó o. Àsìkò tó dáa nìyẹn, torí láti May títí dé September ni gbogbo èèyàn ń kó kiri ní Amẹ́ríkà, owó máa ń wọ́n nígbà yẹn. Wọ́n fi ọ̀rá bo bàtà wọn kí wọ́n tó tẹ kápẹ́ẹ̀tì wa. Ọ̀gá wọn, bàbá kan tó ti dàgbà díẹ̀, òun fúnra ẹ̀ ló mú odó yẹn, ó fi búláńkẹ́ẹ̀tì wé e, ó fi ọ̀rá fà á yí ká bí ẹní ń wé gèlè, ó di ọmọ odó lọ́tọ̀, ó wá lẹ nọ́ńbà tó tẹ̀ lé ara wọn mọ́ méjèèjì lára kí wọ́n má bàa pínyà. Gbogbo nǹkan ilé ló ní nọ́ńbà bẹ́ẹ̀, ó ń kọ bí wọ́n ṣe wà sílẹ̀, ibi tó ti họ, ibi tó ti sán, èmi náà ń tẹ̀ lé e pẹ̀lú fóònù mi, mò ń ya fọ́tò. Níbì kan ó kọ pé àpótí ìjókòó ìrókò tí màámi fi ránṣẹ́ sí wa láti Àkúrẹ́ ti họ, mo ní rárá o, bàbá, ẹ wò ó dáadáa, ó wò ó, ó fagi lé e. Ẹ má fọwọ́ sí ìwé yẹn láìkà á, torí òun ni wọ́n máa gbé jáde tí ọ̀rọ̀ bá di ọ̀rọ̀.

Wọn ò gba epo pupa, wọn ò gba sílíńdà gáàsì tá a fi ń sun ẹran lẹ́yìnkùlé. Ìlẹ̀kẹ̀ iyùn àti aṣọ òkè, àwa fúnra wa la gbé e sínú mọ́tò wa, ohun tí wọ́n gbà wá nímọ̀ràn náà nìyẹn.

Ọ̀nà yẹn jìn, ó tó 1,000 máìlì, ìyẹn bíi 1,600 kìlómítà. Èèyàn á ti Àkúrẹ́ lọ Èkó á padà, á tún lọ á tún padà, kò tíì tó o. Iowa, Nebraska, lórí ọ̀nà márosẹ̀ I-80 títí tá a fi yà sórí I-76, ilẹ̀ pẹrẹsẹ lójú ẹni, àmọ́ ẹ ò ní mọ̀ pé òkè lẹ̀ ń gùn, àfi nígbà tá a rí i pé ọ̀rá ìpápánu àwọn ọmọ ti wú lẹ́yìn mọ́tò. Bí Chicago ṣe ga ju òkun lọ ò fi bẹ́ẹ̀ ju 600 ẹsẹ̀ bàtà, ti Denver jẹ́ 5,280, máìlì kan gééré.

Ibi tí inú ti bí mi la dé yìí. Wọ́n ti sọ fún wa pé wọn ò lè dá ọjọ́ kan pàtó, torí ẹrù ìdílé bíi mélòó kan ló ń wà nínú tírélà kan, wọ́n fún wa ní àkókò tó lè bọ́ sí. Ìyẹn ò burú. Àmọ́ àkókò yẹn dé, ó kọjá, kò sẹ́ni tó pè wá. Tí mo bá pè, ẹ̀rọ ló máa dáhùn, á ní kí n tẹ 1, kí n tẹ 3, tí mo bá wá rí èèyàn bá sọ̀rọ̀ nígbẹ̀yìn, á ní ẹ má bínú mà, ó wà lójú ọ̀nà. Ilẹ̀ lásán la ń sùn sí, fèrèsé ò ní kọ́tìnì, oòrùn Denver á ti kún yàrá láàárọ̀ kùtù. Inú àwọn ọmọ dùn sí oòrùn yẹn, èmi ló ká lára. Màámi á pè láti Àkúrẹ́, "Ṣé wọn ò tíì kó o dé? Ẹ lọ bá wọn lẹ́nu iṣẹ́ wọn kẹ̀!", mi ò sì rí èsì kan fọ̀. Ìgbẹ̀yìn gbẹ́yín, dírẹ́bà fúnra ẹ̀ ló pè wá, ó ní yìnyín ló dí ọ̀nà mọ́ òun ní Nebraska. Ọ̀rọ̀ tó ṣeé gbọ́ yé nìyẹn! Kí ló dé tí ẹnikẹ́ni lọ́fíìsì ò lè sọ bẹ́ẹ̀ fún wa látọjọ́ yìí? Ẹni tó ní ọmọ kékeré tó ń sùn sílẹ̀, ẹ jẹ́ kó mọ ibi tẹ́rù ẹ̀ wà, òun ló máa mọ̀ bóyá kó lọ ra bẹ́ẹ̀dì tàbí kó ṣe sùúrù.

Nígbà tó dé, kò fi nǹkan kan pamọ́. Ó mú ìwé ìwọ̀n jáde, ti tírélà kí ẹrù wa tó wọ̀ ọ́ àti ti ìgbà tó wọ̀ ọ́ tán, ó yọ ọ̀kan nínú ìkejì níṣojú wa. Owó náà gbé pẹ́ẹ́lí sí i, kò dé 110% yẹn rárá. Odó wà láìfarapa, abọ́ kan ò fọ́.

Ẹsẹ̀ àpótí ìrókò yẹn nìkan ló ṣẹ́. Mo kọ ọ́ sínú ìwé níwájú dírẹ́bà kí n tó fọwọ́ sí i, mo fi fọ́tò ti Chicago àti ti Denver ránṣẹ́. Oṣù 9 ni òfin fún èèyàn láti fi ẹ̀sùn ẹrù tó bàjẹ́ ránṣẹ́, àwọn náà gbọ́dọ̀ jẹ́wọ́ láàárín 30 ọjọ́ pé ó tẹ àwọn lọ́wọ́, kí wọ́n sì fún yín lésì gidi láàárín 120 ọjọ́. Wọ́n ti jẹ́wọ́ tiwa, àmọ́ ẹni tó kọ̀wé ń sọ pé afẹ́fẹ́ Colorado, ìpínlẹ̀ tí Denver wà, gbẹ, igi sì máa ń sán níbẹ̀. Òótọ́ ni pé ó gbẹ, ọyẹ́ Àkúrẹ́ ni lọ́jọ́ gbogbo, ètè àwọn ọmọ là, àfi òrí. Àmọ́ igi tó sán àti igi tó ṣẹ́ kì í ṣe ọ̀kan náà, ẹnikẹ́ni tó bá wo fọ́tò yẹn á rí i pé wọ́n gbé nǹkan wúwo lé e ni.

Ẹ̀yin tọ́mọ yín ti pinnu láti lọ, ẹ bá mi sọ àwọn nǹkan kéékèèké yìí fún wọn. Torí pé ibẹ̀ ga, omi tètè ń hó níbẹ̀, ní nǹkan bíi 95 ní Celsius, kò gbóná tó ti ibi tó wà nílẹ̀, torí náà ẹ̀wà ò ní tètè jinná, kí wọ́n ra ìkòkò pressure. Àtẹ̀gùn ilé máa mú wọn mí hẹlẹhẹlẹ ní ìbẹ̀rẹ̀, kí wọ́n máa mu omi. Láàárín 30 ọjọ́ tí wọ́n bá ti di ará ibẹ̀, kí wọ́n lọ gba láísẹ́ǹsì Colorado, 90 ọjọ́ ni ti ìwé mọ́tò. Mọ́tò náà, kí wọ́n wá ilé tó ní ibi ìgbé-mọ́tò-sí tó lórùlé, torí òjò oníyìnyín ibẹ̀ kì í ṣe eré. Èyí tó rọ̀ ní May 8, 2017 ba ohun tó lé ní 2 bílíọ̀nù dọ́là jẹ́. Oúnjẹ wa, Aurora tó wà nítòsí Denver ni kí wọ́n forí lé, mo rí gààrí, mo rí èlùbọ́, iṣu nìkan ló wọ́n ju ti Chicago lọ.

Mi ò kọ orúkọ ilé iṣẹ́ náà síbí torí ọ̀rọ̀ àpótí yẹn ò tíì parí. Ẹni tó bá fẹ́ lò wọ́n gan-an, kó pè mí kí n tó padà, màá fún un ní nọ́ńbà USDOT wọn, àti orúkọ ẹ̀ka tó yẹ kó ní kí wọ́n so òun pọ̀ mọ́ tí ẹ̀rọ bá ti bẹ̀rẹ̀ sí í ní kó tẹ 1.