Ẹsẹ̀ Igi Leica GST120-9: Ohun Tí Mo Rí Lára Rẹ̀ Lẹ́nu Iṣẹ́ Sọ́fè

Ẹni tó bá fẹ́ ra total station, ẹ̀rọ tí àwọn sọ́fíyọ̀ fi ń wọn igun àti bí nǹkan ṣe jìnnà tó, lónìí yóò ná owó gọbọi. Yóò wádìí bátìrì, yóò béèrè bí ojú ẹ̀rọ ṣe jìnnà tó láìlo prism (gíláàsì tó ń dá ìmọ́lẹ̀ ẹ̀rọ padà), yóò ní kí wọ́n fi ìwé àyẹ̀wò rẹ̀ han òun. Tó bá wá ku tripod tí ẹ̀rọ yóò dúró lé, á ní, "Ẹ ṣáà bá mi mú ọ̀kan mọ́ ọn." Ohun tó ń dùn mí jù lẹ́nu iṣẹ́ yìí nìyẹn. Ẹsẹ̀ yẹn wà lára ẹ̀rọ. Bí ẹsẹ̀ bá yẹ̀, nọ́ńbà tí ẹ̀rọ gbé jáde ti yẹ̀ pẹ̀lú, bẹ́ẹ̀ ni ẹ̀rọ kò ní sọ fún yín. Bí ẹsẹ̀ bá sì ṣubú, owó ti wọgbó.

GST120-9 tí ilé-iṣẹ́ Leica ń ṣe ni mò ń lò báyìí, mo sì ti lò ó pẹ́ tó láti sọ ohun tó wà lára rẹ̀. Igi beech ni wọ́n fi ṣe é, wọ́n sì kùn ún dáadáa. Kílò 6.4 ni ìwọ̀n rẹ̀. Bí a bá ká a, ó gùn ní sẹ̀ǹtímítà 110. Bí a bá fà á tán, ó di 180. Ẹ̀gbẹ́ ẹsẹ̀ ni ìdè tí à ń fọwọ́ lọ́ wà, ó sì ní okùn tí a fi ń gbé e kọ́ èjìká. Bóòtù àárín orí rẹ̀ jẹ́ ìdá márùn-ún nínú mẹ́jọ íǹṣì, èyí tó bá ọ̀pọ̀ jù lọ nínú ẹ̀rọ sọ́fè mu, ì báà jẹ́ ti Leica, ì báà jẹ́ ti ilé-iṣẹ́ mìíràn. Àwọn àgbà sọ́fíyọ̀ tó fi Wild T2, ẹ̀rọ ìwọn-igun àtijọ́, ṣiṣẹ́ nígbà èwe wọn á dá irú ẹsẹ̀ yìí mọ̀ kíá, torí pé ilé kan náà ni: Wild tó bẹ̀rẹ̀ ní Heerbrugg ní Swítsàlandì lọ́dún 1921 ló padà di Leica.

Ìwé ìlànà àgbáyé kan wà tí wọ́n ń pè ní ISO 12858-2. Ọ̀nà méjì ló pín tripod sí, èyí tó wúwo àti èyí tó fúyẹ́. Èyí tó wúwo gbọ́dọ̀ tó kílò 5.5 ó kéré tán, ó sì lè gbé ẹ̀rọ tó tó kílò 15. Èyí tó fúyẹ́ kò gbọdọ̀ gbé ju kílò 5 lọ. Ẹ gbé total station yín sórí ìwọ̀n, tòun ti bátìrì àti tribrach (àwo oníṣúkúrúù mẹ́ta tó ń wà láàárín ẹ̀rọ àti tripod), ẹ ó rí i pé ọ̀pọ̀ nínú wọn ti kọjá kílò 5. Ìlànà náà tún sọ bí ohun tó lè kù kí orí tripod tó padà sáàyè rẹ̀ ṣe gbọ́dọ̀ mọ, lẹ́yìn tí a bá lọ́ ọ díẹ̀ tí a sì tú u sílẹ̀: sẹ́kọ́ńdì 3 fún èyí tó wúwo, sẹ́kọ́ńdì 10 fún èyí tó fúyẹ́. Sẹ́kọ́ńdì igun ni mo ń wí o, kì í ṣe ti aago. Dìgírì kan pín sí sẹ́kọ́ńdì 3,600.

Ẹnì kan lè ní kí ni sẹ́kọ́ńdì 10 já mọ́. Ní mítà 100, ó ti tó nǹkan bíi mìlímítà 5. Ní mítà 300, ó ti ń lọ sí mìlímítà 15. Ẹni tó ń wọn ààlà oko lè má kà á sí, ṣùgbọ́n ẹni tó ń lélẹ̀ òpó fún ilé onírin mọ̀ pé bí bóòtù inú kọnkéré bá fi mìlímítà 15 yẹ̀, òpó irin kò ní wọ̀ ọ́. Kí ló wá dé tí a ó fi ra ẹ̀rọ tó ń ka sẹ́kọ́ńdì 2, tí a ó wá gbé e lé ẹsẹ̀ tó ń jẹ sẹ́kọ́ńdì 10?

Orí ilẹ̀ tí wọ́n fi yanrìn kún lápá Ajah ni ìyàtọ̀ náà ti hàn sí mi kedere. Tripod alumíníọ́mù fífúyẹ́ là ń lò níbẹ̀ tẹ́lẹ̀. A ó kọjú ẹ̀rọ sí backsight (àmì tí a ti mọ ibi tó wà, tí a fi ń ṣètò ojú ẹ̀rọ) ní òwúrọ̀, a ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Tí a bá fi máa yẹ backsight yẹn wò padà lẹ́yìn wákàtí kan, ìlà àgbélébùú inú ojú ẹ̀rọ á ti kúrò láàárín prism. Bubble, atẹ́gùn inú gíláàsì kékeré tó ń fi hàn bóyá ẹ̀rọ tẹ́jú, náà á ti rìn. Iṣẹ́ wákàtí kan ti di àtúnṣe nìyẹn. Nígbà tí ẹsẹ̀ igi dé, ẹ̀rọ kan náà, ilẹ̀ kan náà, ọmọ iṣẹ́ kan náà, backsight wá ń bọ́ sójú rẹ̀ padà. Èmi kò dá wíwo padà yẹn dúró o, torí kò sí ẹsẹ̀ tí a lè fọkàn tán tó bẹ́ẹ̀ lórí yanrìn, àmọ́ ó ti pẹ́ tí a ti tún iṣẹ́ ṣe nítorí ẹsẹ̀.

Oòrùn wà nínú ọ̀rọ̀ náà. Bí ooru alumíníọ́mù bá fi dìgírì Sẹ́lísíọ́ọ̀sì 10 lọ sókè, mítà kan rẹ̀ á fi bí ìdá kan nínú mẹ́rin mìlímítà gùn sí i. Igi kì í gùn tó ìdá kan nínú mẹ́ta ìyẹn. Bí ẹsẹ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bá jọ gbóná, kì í fi bẹ́ẹ̀ ṣe nǹkan. Ìgbà tí ọ̀kan bá wà nínú oòrùn tí méjì wà lábẹ́ òjìji ògiri ni orí tripod máa ń dà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Nítorí náà, igi tàbí irin, ẹ ṣí agboòrùn ńlá lé e lórí. Mi ò ka agboòrùn sí fàájì rárá. Ohun èlò iṣẹ́ ni.

Ibi tí ọ̀rọ̀ pọ̀ sí jù ni bí a ṣe ń gbé e kalẹ̀. Kí a tó ya ẹsẹ̀ mẹ́ta náà síra ni kí a ti fà wọ́n gùn bákan náà, kí orí tripod dé ìsàlẹ̀ àgbọ̀n ẹni tó máa wo ẹ̀rọ, kí a sì lọ́ ìdè wọn mú. Lẹ́yìn ìyẹn ni kí a yà wọ́n, kí àárín ẹsẹ̀ sí ẹsẹ̀ tó bíi mítà kan. Bí wọ́n bá sún mọ́ra jù, atẹ́gùn lásán lè bì í ṣubú. Bí wọ́n bá jìnnà síra jù, wọ́n á máa yọ̀ lọ. Kí orí rẹ̀ tẹ́jú láti ìbẹ̀rẹ̀, kí ẹ má fi gbogbo rẹ̀ sílẹ̀ fún ṣúkúrúù mẹ́ta ti tribrach. Tí ẹ bá wá fẹ́ fi ẹsẹ̀ yín tẹ̀ ẹ́ wọlẹ̀, ẹ tẹ̀ ẹ́ gba ọ̀nà ibi tí ẹsẹ̀ náà dà sí. Púpọ̀ nínú àwọn ọmọ iṣẹ́ máa ń tẹ̀ ẹ́ lóòró bí ẹni ń tẹ ṣọ́bìrì, ìyẹn ló máa ń fa ẹsẹ̀ ya tí ó sì ń dá igi lápá ní ìsàlẹ̀.

Ilẹ̀ pupa Ìbàdàn kò ní wàhálà; ó máa ń di ẹsẹ̀ mú ṣinṣin, àfi tí òjò bá ṣẹ̀ṣẹ̀ dá. Ní ilẹ̀ yanrìn tàbí ẹrọ̀fọ̀, a máa ń gbá èèkàn igi mẹ́ta wọlẹ̀ jinlẹ̀, a ó sì gbé ẹsẹ̀ tripod lé orí èèkàn. Lórí òkè tàbí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, ẹsẹ̀ méjì ló yẹ kó wà nísàlẹ̀, ọ̀kan lókè. Ẹni tó bá ṣe é lódì, tí ó fi ẹsẹ̀ kan ṣoṣo sísàlẹ̀, orí ẹsẹ̀ kan yẹn ni ó kó gbogbo ẹrù lé. Lórí àpáta, bí irú èyí tó pọ̀ l'Ábẹ́òkúta, ẹ wá ihò kéékèèké tàbí ibi tó sán kí ṣóńṣó irin rẹ̀ lè wọ̀ ọ́, kí ẹ sì gbé àpò yanrìn ti ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Ọ̀dà títì náà ní tiẹ̀: lọ́sàn-án gangan ó máa ń rọ̀, ṣóńṣó irin á sì máa rì díẹ̀díẹ̀ láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni fọwọ́ kàn án. Òwúrọ̀ kùtùkùtù ni mo máa ń parí iṣẹ́ títì.

Orí táìsì tàbí símẹ́ǹtì dídán ni ẹ̀rù ti máa ń bà mí jù. Ṣóńṣó irin kò rí nǹkan dì mú níbẹ̀, ẹsẹ̀ kan lè yọ̀ lójijì kí gbogbo rẹ̀ sì dojú délẹ̀. Ẹ má gbé GST120-9 tàbí tripod yòówù sórí táìsì láìsí ohun tó so ẹsẹ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pọ̀ nísàlẹ̀. Irin onígun mẹ́ta kan wà tí wọ́n ń tà fún un, ó ní ihò tí ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan ń wọ̀. Bí kò bá sí, ẹ fi ṣéènì tàbí okùn tó lágbára so wọ́n yíká.

Òfin tí kò gba àwáwí lọ́dọ̀ wa ni ti bóòtù àárín. Ẹni tó bá gbé ẹ̀rọ sórí tripod, ọwọ́ rẹ̀ kan kò gbọdọ̀ kúrò lára ohun tí a fi ń gbé ẹ̀rọ náà títí ọwọ́ kejì yóò fi lọ́ bóòtù mú láti ìsàlẹ̀. Kò ní dáhùn fóònù, kò ní wẹ̀yìn. Tó bá ti lọ́ ọ tán, á mi ẹ̀rọ díẹ̀, á wá ké e jáde pé, "Ọ̀gá, ó ti mú!" Ìgbà tí mo bá gbọ́ ìyẹn ni mo tó gbà kó yọwọ́. Àwọn àlejò tó bá wà lórí ilẹ̀ máa ń rò pé à ń ṣeré. Mo ti rí ẹ̀rọ àwọn ẹlòmíràn tó já bọ́ sórí kọnkéré nítorí pé àwọn méjì dúró tì í, tí oníkálukú rò pé ẹnì kejì ti lọ́ ọ.

Bí a bá sì fẹ́ kúrò níbì kan lọ sí ibòmíràn, ẹ̀rọ máa wọ inú àpótí rẹ̀, tripod á di kíká, okùn rẹ̀ á di dídè, ṣóńṣó irin á kọjú sísàlẹ̀ síwájú níbi tí ẹni tó gbé e ti lè máa rí i. Kí a gbé ẹ̀rọ lé èjìká tòun ti tripod, kí a máa fo gọ́tà, ìyẹn kò dára fún ẹ̀rọ, kò sì dára fún ọrùn ènìyàn. Lórí ọ̀kadà, ẹ má gbé e dábùú; mọ́tò tó ń bọ̀ lẹ́yìn kò mọ̀ pé ó gùn.

Ẹnì kan gbọ́dọ̀ wà nídìí ẹ̀rọ nígbà gbogbo. Ewúrẹ́, ọmọdé, atẹ́gùn tirela, gbogbo wọn ló ń kọjá. Lẹ́bàá títì, ẹ to kóònù sílẹ̀, ẹ wọ ẹ̀wù tó ń tàn. Kí ẹni tó mú òpó prism sì máa wòkè: òpó alumíníọ́mù ń gbé iná, ti carbon fibre náà ń gbé e, wáyà iná kì í sì í sọ pé òun ń bọ̀. Ẹ má tìtorí pé igi ni ẹsẹ̀ ẹ̀rọ kí ẹ rò pé ẹ bọ́, torí irin wà lókè rẹ̀ àti nísàlẹ̀ rẹ̀, igi tó bá sì ti tutù ń gbé iná. Bí àrá bá ti bẹ̀rẹ̀ sí í sán, a máa ń palẹ̀ mọ́ ni.

Nínú ilé-iṣẹ́ ńlá, níbi tí wọ́n ti ń fi laser tracker (ẹ̀rọ tó ń fi ìmọ́lẹ̀ lésà wọn nǹkan fínnífínní) to ẹ̀rọ, ẹsẹ̀ onítáyà ni wọ́n sábà máa ń lò, irin tó wúwo gan-an. Kì í ṣe iṣẹ́ GST120-9 nìyẹn. Ohun tó ṣe pàtàkì níbẹ̀ ni pé kí òpó àárín rẹ̀ wà nísàlẹ̀ kí a tó tì í, kí a máa tì í láti ìsàlẹ̀, kí a sì yí jáàkì mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sílẹ̀ níbi tó bá dúró títí táyà yóò fi kúrò nílẹ̀ pátápátá. Búréèkì táyà nìkan kò tó fún wíwọn nǹkan.

Ìtọ́jú GST120-9 kò le. Ẹ ya ẹsẹ̀ rẹ̀, ẹ di orí rẹ̀ mú, ẹ gbé e kúrò nílẹ̀: ẹsẹ̀ gbọ́dọ̀ dúró ní yíyà bí ẹ ṣe yà á. Bí ó bá wó padà, ẹ fi Allen key fún oríkèé rẹ̀ le díẹ̀; bó bá sì le jù láti ṣí, ẹ dẹ̀ ẹ́. Ẹ tún wo bóòtù ibi tí igi ti wọnú irin. Nígbà ọyẹ́, igi máa ń gbẹ, bóòtù wọ̀nyí a sì dẹ̀, nítorí náà mo máa ń yẹ tèmi wò léraléra tí ọyẹ́ bá ti dé. Tí òjò bá pa á, ẹ nù ún gbẹ kí ẹ tó ká a sínú mọ́tò.

Ẹ̀dùn tí mo ní sí i kò pọ̀. Ó wúwo, ẹni tó bá gbé kílò 6.4 rin inú igbó Ìjẹ̀bú láti òwúrọ̀ máa mọ̀ ọ́n lára. Ìdè tí à ń lọ́ kò yá tó èyí tí à ń tẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Owó rẹ̀ ga. Ẹni tó jẹ́ pé dumpy level (ẹ̀rọ tí a fi ń wo bí ilẹ̀ ṣe ga sí) nìkan ló ń lò, tàbí tó ń fi òpó gbé GNSS (ẹ̀rọ tó ń gba àmì sátẹ́láìtì) kiri, èyí tó fúyẹ́ ti tó o, kó fi owó rẹ̀ ṣe nǹkan mìíràn. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ní total station, tí ó sì ń lélẹ̀ fún ilé, afárá tàbí ilé-iṣẹ́, èmi á ní kó rà á kó tó ra bátìrì kejì.

Tí ẹ bá délé ọjà, ẹ má wo àwọ̀ tàbí orúkọ tí wọ́n kọ sára rẹ̀ nìkan. Ẹ gbé e sórí ìwọ̀n. Bí kò bá tó kílò 5.5, kì í ṣe ti iṣẹ́ wúwo. Lẹ́yìn náà ẹ ní kí wọ́n jẹ́ kí ẹ gbé ẹ̀rọ lé e, ẹ kọjú rẹ̀ sí ohun tóótó kan tó jìnnà, ẹ fi ọwọ́ méjèèjì lọ́ orí tripod díẹ̀ sí ọ̀tún, ẹ tú u sílẹ̀, ẹ wo inú ojú ẹ̀rọ. Ẹ ṣe bákan náà sí òsì. Ìlà àgbélébùú gbọ́dọ̀ padà sórí ohun tí ẹ kọjú sí. Bí kò bá padà, ẹ ní kí wọ́n gbé òmíràn wá.