Ilé oògùn kan ní Mọ́kọ́lá tí ó ń ṣàlàyé kí ó tó tajà

Ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sẹ́yìn, ara ìyá mi ń gbóná, orí sì ń fọ́ wọn, ni mo bá mú wọn lọ sí ilé oògùn kékeré kan ní Mọ́kọ́lá, ní ìlú Ìbàdàn. Apòògùn ibẹ̀, ọ̀dọ́mọbìnrin kan, kò tíì nawọ́ sí oògùn kankan tí ó fi gún wọn níka, tí ó kán ẹ̀jẹ̀ sí ohun èlò àyẹ̀wò, tí a sì dúró fún ìṣẹ́jú 15 títí ìlà kejì fi yọ. Ibà ni lóòótọ́. Ó tún béèrè bóyá ọkàn ti ń yọ wọ́n lẹ́nu rí àti irú oògùn tí wọ́n ń lò lọ́wọ́, kí ó tó gbé oògùn ibà tí ó pa artemether àti lumefantrine pọ̀ sínú hóró kan wá, hóró 24.

Ìbéèrè tí ó tẹ̀ lé e ni mo fẹ́ràn jù: "Màmá, kí ni ẹ jẹ láàárọ̀ yìí?" Ìyá mi ní ẹ̀kọ mímu lásán ni. Ó ní kí a ra àkàrà kún un, nítorí pé lumefantrine kì í fẹ́ yòrò nínú omi. Ọ̀rá inú oúnjẹ ni ó máa ń bá gba inú ìfun wọ ẹ̀jẹ̀, bí kò bá sì sí ọ̀rá, púpọ̀ nínú rẹ̀ yóò bá ìgbẹ́ lọ láì fojú kan kòkòrò ibà. Artemether ni ó ń tètè ṣá kòkòrò náà balẹ̀, ṣùgbọ́n kì í ju wákàtí mélòó kan lọ tí ó fi ń kúrò lára. Lumefantrine, tí ó ń pẹ́ lára fún ọjọ́ bíi mélòó kan, ni ó ń pa àwọn tó ṣẹ́kù. Ọ̀rọ̀ yìí mú mi rántí ibà tèmi tí ó padà lọ́dún tó kọjá: tíì lásán ni mo fi lo irú oògùn yìí, mo sì dá a dúró ní ọjọ́ kejì nítorí pé ara ti fúyẹ́. Ẹni tí ó tà á fún mi kò sọ ju "mẹ́rin láàárọ̀, mẹ́rin lálẹ́" lọ.

Apòògùn Mọ́kọ́lá náà tún là á yé wa pé paracetamol kì í pa kòkòrò ibà, pé ara gbígbóná àti ìrora ni ó ń dẹ̀, àti pé ẹ̀dọ̀ ni ó ń fọ́ ọ túútúú. Nítorí náà, àgbàlagbà kò gbọdọ̀ lo ju hóró 8 oní-500 mílígíráàmù lọ láàárín wákàtí 24, kí a sì ka èyí tí ó fara pamọ́ sínú oògùn ọ̀fìnkìn mọ́ ọn.

Ní ọjọ́ kẹrin, ìyá mi ti padà sí ìsọ̀ wọn. Àbùkù tí mo rí kò pọ̀: apòògùn kan ṣoṣo ni ó wà níbẹ̀, a sì fẹ́rẹ̀ẹ́ dúró tó wákàtí kan. Ó kọ àkókò ìlò sára páálí dáadáa, mẹ́rin lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, mẹ́rin lẹ́yìn wákàtí 8, lẹ́yìn náà àárọ̀ àti alẹ́ fún ọjọ́ 2, ṣùgbọ́n èdè Gẹ̀ẹ́sì ni ó fi kọ ọ́, ìyá mi kò sì lè kà á. Èmi ni mo fi bírò ya oòrùn àti òṣùpá sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kí wọ́n tó lè dá a lò.