Bàbá scout tí mo sanwó fún nítorí ọmọ mi tó ń gbá basketball: àgbéyẹ̀wò ìyá kan láti Houston

Ìràwọ̀ mẹ́rin àti ààbọ̀ nínú márùn-ún ni mo fún scout yìí, ìyẹn ẹni tó ń wo eré ọmọ láti sọ irú kọ́lẹ́ẹ̀jì tó lè gbà á. Ká ní ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ ka ìwé tó kọ nípa ọmọ mi ni mo jókòó kọ èyí ni, ìràwọ̀ kan péré ni ì bá rí gbà lọ́wọ́ mi, tòun ti èpè díẹ̀.

Àbíkẹ́yìn mi ni ọmọ náà. Ó wà ní kíláàsì kọkànlá ní ilé ẹ̀kọ́ ìjọba kan ní gúúsù ìwọ̀-oòrùn Houston níbí, fọ́wọ́ọ̀dù sì ni lórí pápá. Ọmọ yẹn ń fò. Kì í ṣe torí pé èmi ni mo bí i ni mo ṣe sọ bẹ́ẹ̀. Ẹsẹ̀ bàtà 10 ni irin àwọ̀n fi ga sílẹ̀. Tó bá ti sáré díẹ̀ báyìí, ọrùn ọwọ́ rẹ̀ á ti wà lókè irin, á sì rọ bọ́ọ̀lù wọlé gbìì. Tí a bá dé òde àríyá, kí a tó rí àga jókòó, àwọn bọ̀dá á ti máa pariwo "Hakeem! Hakeem!" Houston kúkú ni a wà. Hakeem Olajuwon ti Èkó wá gbá bọ́ọ̀lù fún University of Houston, ó sì gba ife NBA fún Rockets, ẹgbẹ́ Houston níbí, ní 1994 àti 1995, nítorí náà gbogbo ọmọ Nàìjíríà tó bá ga ju ìyá rẹ̀ lọ níbí ló ń jogún orúkọ yẹn. Kò sẹ́ni tó ń rántí pé sẹ́ńtà, òmìrán tó ń dúró sábẹ́ irin, ni Hakeem, pé gíga rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ẹsẹ̀ bàtà 7. Èmi náà ò rántí.

Orí tó ń wú mi yẹn ló gbé mi dé ọwọ́ iléeṣẹ́ kan lórí íntánẹ́ẹ̀tì ṣáájú bàbá yìí. N ò ní dárúkọ wọn. Ọ̀sán ni wọ́n pè mí, mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ti iṣẹ́ òru dé, oorun ń kùn mí. Ẹnu ọmọbìnrin tó ń bá mi sọ̀rọ̀ dùn bí oyin. Ó ní àwọn ti wo fídíò ọmọ mi, pé ọmọ Division I ni, ìpele tó ga jù nínú bọ́ọ̀lù kọ́lẹ́ẹ̀jì, kò sí àní-àní. Fídíò wo? Ìṣẹ́jú mẹ́ta péré ni, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin ló gé e pọ̀ lórí fóònù. Fífò àti rírọ bọ́ọ̀lù ni gbogbo rẹ̀, kò sí ibì kankan níbẹ̀ tí wọ́n ti gba bọ́ọ̀lù mọ́ ọn lọ́wọ́. Mo san 1,600 dọ́là, ẹ̀ẹ̀mẹrin ni mo pín in san.

Wọ́n ṣí ojú ewé kan fún un tó ní fọ́tò rẹ̀, wọ́n sì fi ímeèlì kan náà ránṣẹ́ sí kóòṣì tó lé ní igba. Èsì dé lóòótọ́. Inú wa dùn, a fi han àwọn ará ní ṣọ́ọ̀ṣì. Ìgbà tí a wá kà á dáadáa ni a rí i pé ìpè sí camp ni: kí a wá sanwó, kí ọmọ wá bá ogunlọ́gọ̀ ọmọ mìíràn sáré fún ọjọ́ méjì. Ọ̀kan nínú wọn tilẹ̀ fi orúkọ ọmọ ọlọ́mọ kí wa. Ọkọ mi ò bá mi jà. Ó kàn ń wò mí ni. Ì bá sàn kó bá mi jà.

Bọ̀dá kan ní ṣọ́ọ̀ṣì, tí bọ́ọ̀lù gbé ọmọ tiẹ̀ wọ kọ́lẹ́ẹ̀jì, ló fún mi ní nọ́ńbà bàbá yìí. Adúláwọ̀ ọmọ Amẹ́ríkà ni, ó ti lé ní ọgọ́ta ọdún, ó ti ṣe igbákejì kóòṣì ní kọ́lẹ́ẹ̀jì rí kó tó fẹ̀yìn tì. 350 dọ́là ni iye rẹ̀: á wá wo eré méjì lójúkojú, á wọn ọmọ, á kọ ìwé, á sì jókòó bá ìdílé sọ̀rọ̀ fún wákàtí kan. Ọmọ Ìjẹ̀bú ni mí, mo ná an. Mo ní kó má gba nǹkan kan báyìí, tí ọmọ bá rí scholarship, kó wá gba ìdá mẹ́wàá. Bàbá rẹ́rìn-ín. Ó ní òfin NCAA, àjọ tó ń darí eré ìdárayá kọ́lẹ́ẹ̀jì ní Amẹ́ríkà, kò gbà bẹ́ẹ̀: òun lè gba owó iṣẹ́ òun, ṣùgbọ́n owó náà kò gbọdọ̀ dá lórí bóyá ọmọ rí scholarship gbà, tó bá rí bẹ́ẹ̀, ọmọ náà gan-an ló máa kó sí wàhálà. Ibẹ̀ ni ọkàn mi ti kọ́kọ́ balẹ̀ sí i.

Ìbéèrè àkọ́kọ́ tó bi mí kì í ṣe nípa gíga ọmọ. Ó ní kí n fi èsì ẹ̀kọ́ rẹ̀ ránṣẹ́ láti kíláàsì kẹsàn-án. Ṣé ẹ mọ̀ pé ní gbogbo oṣù tí mo fi ń sanwó fún àwọn ẹlẹ́nu oyin yẹn, kò sẹ́ni tó béèrè rẹ̀? Kí ọmọ tó lè gbá bọ́ọ̀lù ní ọdún àkọ́kọ́ rẹ̀ ní Division I, ó gbọ́dọ̀ ti ṣe kọ́ọ̀sì 16 tí NCAA fọwọ́ sí, kí máàkì rẹ̀ nínú wọn má sì dín sí 2.3 nínú 4.0. Mẹ́wàá nínú wọn gbọ́dọ̀ ti parí kó tó bẹ̀rẹ̀ kíláàsì kejìlá. Ìdánwò SAT tí wọ́n ń fi wọ kọ́lẹ́ẹ̀jì kò pọn dandan mọ́ fún ìyẹn láti 2023. Bàbá fi bírò pupa yí kọ́ọ̀sì ìṣirò kan po lára ti ọmọ mi: èyí kò sí lára ohun tí wọ́n ń kà, ẹ jẹ́ kó ṣe òmíràn dípò rẹ̀ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Lójú tèmi, bó bá jẹ́ pé ìyẹn nìkan ló ṣe, owó rẹ̀ ti pé.

Mo jókòó tì í nígbà eré àkọ́kọ́. Ọmọ mi rọ bọ́ọ̀lù wọlé lẹ́ẹ̀mejì kí wọ́n tó lo ìṣẹ́jú márùn-ún, gbogbo ilé dìde, èmi fò sókè títí fóònù mi fi já bọ́ sábẹ́ àga. Bàbá ò kọ nǹkan kan. Nígbà tó yá ni mo rí i pé kì í wo bọ́ọ̀lù rárá. Ẹsẹ̀ ọmọ mi ló ń wò. Tí ẹlòmíràn bá ju bọ́ọ̀lù, bàbá á máa wò ó bóyá ọmọ mi wá ẹni tó máa fi ẹ̀yìn dí lọ́nà kó tó fò, àbí ó kàn dúró kí bọ́ọ̀lù ta padà lára irin. Nígbà tí kóòṣì yọ ọmọ mi jáde, gbogbo wa ń wo pápá lọ, bàbá yíjú sí bẹ́ǹṣì. Ọmọ mi ti da táwẹ́ẹ̀lì borí, kò wo ẹnikẹ́ni. Bàbá ṣí ìwé pélébé ọwọ́ rẹ̀, ó kọ nǹkan. Ara mi bù máṣọ.

Lẹ́yìn eré, ó ní kó bọ́ bàtà, ó gbé e ti ògiri. Nínú ìwé orúkọ ẹgbẹ́ wọn, ẹsẹ̀ bàtà 6 àti íǹṣì 7 ni wọ́n kọ sí i. Lára ògiri, ẹsẹ̀ bàtà 6 àti íǹṣì 5 ni, pẹ̀lú ṣíún kan. Bàtà ló jẹ díẹ̀ níbẹ̀, irọ́ kóòṣì ló jẹ ìyókù. Ṣùgbọ́n nígbà tó na apá méjèèjì, ó tó ẹsẹ̀ bàtà 6 àti íǹṣì 10, bàbá sì mi orí fún ìgbà àkọ́kọ́. Ó wá fi téèpù funfun lẹ ilẹ̀ ní ẹ̀yìn ìlà ojúàmì mẹ́ta, torí ìlà ti ilé ẹ̀kọ́ gírámà kò ju ẹsẹ̀ bàtà 19 àti íǹṣì 9 lọ sí irin, ti kọ́lẹ́ẹ̀jì sì lé ní 22. Láti ìlà tó mọ̀, ọmọ mi ju 11 wọlé nínú 25. Láti ibi téèpù, mẹ́rin. Mẹ́rin, ẹ̀yin èèyàn mi.

Ìwé náà dé lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, ojú ewé mẹ́rin. Ohun tó wà níbẹ̀ ni pé ọmọ tó ga tó báyìí kò lè jẹ́ fọ́wọ́ọ̀dù abẹ́ irin ní kọ́lẹ́ẹ̀jì, àwọn tó bá máa bá níbẹ̀ á ga jù ú lọ, wọ́n á sì wúwo jù ú lọ. Ẹ̀gbẹ́ pápá ni wọ́n máa gbé e sí, kó máa ṣọ́ àwọn tó yára. Ẹsẹ̀ rẹ̀ lè ṣe é, apá gígùn yẹn á sì ràn án lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n ọwọ́ òsì rẹ̀ dà bí àlejò lára rẹ̀: nínú ìgbà 14 tó gbé bọ́ọ̀lù sáré lọ sábẹ́ irin, ẹ̀ẹ̀kan péré ló gba òsì. Gbólóhùn tó dùn mí jù rèé: "Ó máa ń fò kó tó ronú." Ẹni tó bá kàn ṣe bí ẹni fẹ́ ju bọ́ọ̀lù, ọmọ mi ti wà lófuurufú, onítọ̀hún á gba abẹ́ rẹ̀ kọjá. Lábẹ́ rẹ̀ ló wá kọ ọ́ sí: Division II, ìpele kejì, kì í ṣe Division I, àyàfi tí jíjù rẹ̀ bá yí padà.

Mo fi ìbínú lọ sí ìjókòó wákàtí kan yẹn. Mo ní ṣé kò rí bí ọmọ ṣe ń fò ni? Ó ní òun rí i, pé fífò ni ohun tí kóòṣì ń rí jù. Ó ní láti 2021 tí NCAA ti gbà kí ọmọ kọ́lẹ́ẹ̀jì ṣí lọ sí ilé ẹ̀kọ́ mìíràn láìjókòó ọdún kan, kóòṣì tó ní àyè bíi 15 péré ń wá géńdé ọmọ ọdún 22 tó ti gbá eré ọgọ́rùn-ún, kì í ṣe ọmọ tí wọ́n ṣì máa kọ́. Ó tún bi mí pé láti June 15 lẹ́yìn kíláàsì kẹwàá ni òfin ti gba àwọn kóòṣì láyè láti pe ọmọ, mélòó ló ti pè? N ò dáhùn. Ó ní, "Fóònù tí kò dún, èsì ni."

Ibi tí mo ti yọ ààbọ̀ ìràwọ̀ rèé. Lákọ̀ọ́kọ́, owó epo mọ́tò ọjọ́ eré kejì, 40 dọ́là, kò sọ fún mi tẹ́lẹ̀ rárá, inú ìwé owó ni mo ti bá a. Lẹ́ẹ̀kejì, ojú ọmọ ló ti sọ ọ̀rọ̀ táwẹ́ẹ̀lì yẹn, láìpọ́n ọn lé. Ọmọ mi ò jẹun alẹ́ ọjọ́ yẹn. Mo pe bàbá, mo sọ fún un pé ọ̀nà wà tí à ń gbà bá ọmọ sọ̀rọ̀. Ó ní kí n má bínú, ó sì pe ọmọ náà fúnra rẹ̀ lọ́jọ́ kejì.

Oṣù mẹ́rin ti kọjá. Ọmọ mi fúnra rẹ̀ ti lẹ téèpù funfun mọ́ iwájú gáréèjì wa, ọwọ́ òsì ló sì fi ń lu bọ́ọ̀lù mọ́lẹ̀ láàárọ̀ tí mo bá ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ sùn. Bàbá fi fídíò eré odindi kan ránṣẹ́ sí kóòṣì mẹ́fà tó mọ̀ ní Division II. Méjì ti pè. Ọ̀kan ti wá jókòó wò ó, kò sì sọ nǹkan kan ju pé òun á tún padà wá. Ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ìdajì ni wọ́n sábà máa ń fún ọmọ níbẹ̀, torí iye scholarship tí ẹgbẹ́ kan ní kò ju 10 lọ, wọ́n sì máa ń pín in wẹ́wẹ́. Ọkọ mi ti ń ṣírò ìdajì kejì.

Tí ẹ bá fẹ́ pè é, ẹ pè é kí oṣù July tó dé. Ní July, inú mọ́tò ló máa ń wà láti ìdíje kan sí òmíràn, kì í gbé fóònù. Ẹ sì béèrè owó epo kí ẹ tó gbà.