Ìrẹsì, ẹ̀wà àbí tábílẹ́ẹ̀tì: kí ló yẹ ká fowó fítámì B1 rà n'Ìkòròdú?

Ẹni tó bá ń gbèrò láti ra ike fítámì ní ṣọ́ọ̀bù oògùn, kó kọ́kọ́ wo ìrẹsì àti ẹ̀wà tó ń rà ní ọjà Sábó ná. Fítámì B1, tí àwọn dókítà ń pè ní thiamine, ló ń jẹ́ kí ara lè sọ ìrẹsì, ẹ̀bà àti iyán di agbára. Bí irú oúnjẹ wọ̀nyí bá ṣe pọ̀ tó lórí tábìlì wa, bẹ́ẹ̀ la ṣe nílò rẹ̀ tó. Ọkùnrin tó ti dàgbà ń fẹ́ mílígíráàmù 1.2 lóòjọ́, obìnrin 1.1, aláboyún àti ìyá tó ń fọ́mọ lọ́mú 1.4. Kò pọ̀, àmọ́ ara kì í lè tọ́jú rẹ̀ pẹ́. Bí òmíràn kò bá wọlé, èyí tó wà nílẹ̀ lè tán láàárín ọ̀sẹ̀ mélòó kan.

Ọ̀rọ̀ pọ̀ lórí ìrẹsì. Inú awọ tó bo hóró àti ojú ibi tó ti ń hù ni B1 pọ̀ sí, ibẹ̀ gan-an sì ni ẹ̀rọ ń bó dànù kí ìrẹsì lè funfun. Ìrẹsì funfun tí wọn kò fi omi gbígbóná bọ̀, irú èyí táwọn èèyàn fi ń ro túwó, kì í ní ju nǹkan bíi mílígíráàmù 0.07 lọ nínú gíráàmù 100 kó tó dórí iná. Èyí tí wọ́n bọ̀ kí wọ́n tó bó o máa ń ní tó 0.2, torí pé omi gbígbóná ti gbé díẹ̀ nínú B1 wọ àárín hóró kí ẹ̀rọ tó dé. Èyí tí awọ ṣì wà lára rẹ̀ ń ní 0.4 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ìyàtọ̀ yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ kékeré rárá. Ní erékùṣù Java, ní Indonesia, ní àwọn ọdún 1890, dókítà ará Netherlands kan, Christiaan Eijkman, rí i pé adìyẹ tó ń jẹ ìrẹsì bíbó funfun nìkan ń rọ lẹ́sẹ̀, ara wọn sì ń yá bí wọ́n bá padà sí èyí tó ní awọ. Wọ́n fún un ní ẹ̀bùn Nobel ní 1929.

Nítorí náà, Ọ̀fàdà ni mo máa kọ́kọ́ nàka sí, àmọ́ kì í ṣe gbogbo ohun tí wọ́n bá sọ pé Ọ̀fàdà ni. Ẹ ní kí ìyá tó ń ta ìrẹsì dà á sí yín látẹ́lẹ́wọ́. Bí ẹ kò bá rí awọ pupa tàbí àwọ̀ ilẹ̀ lára rẹ̀ mọ́, owó Ọ̀fàdà lẹ fẹ́ san lórí ìrẹsì bíbó. Bó bá wọ́n jù fún àpò yín, ẹ má banú jẹ́. Ilé iṣẹ́ ìrẹsì ìjọba Èkó tí wọ́n ṣí n'Ímọ̀tà níbí ní oṣù kìíní 2023 lè lọ tọ́ọ̀nù 32 ní wákàtí kan, ó sì sún mọ́ wa. Ì báà jẹ́ tiwọn, ì báà jẹ́ ti òkè òkun, ẹ wá ọ̀rọ̀ "parboiled" lára àpò, ìyẹn ni pé wọ́n bọ̀ ọ́ kí wọ́n tó bó o. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dín bí ẹ ṣe ń fọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀mẹ́rin-márùn-ún kù. Omi tí a ń dà nù ń gbé B1 lọ.

Ẹ̀wà ló wúlò jù fún owó kékeré, mi ò ṣiyèméjì níbẹ̀. Gíráàmù 100 ẹ̀wà gbígbẹ ní tó mílígíráàmù 0.8, ìlọ́po méjì ìrẹsì tó ṣì ní awọ. Ohun tó ń bà á jẹ́ ni kaún, torí pé kaún ń pa B1 nínú ìkòkò. Ẹ béèrè ẹ̀wà tuntun lọ́wọ́ ẹni tó ń tà á, kò ní le lórí iná tó fi máa di pé ẹ ń wá kaún kiri. Ẹ̀pà náà dára. Gàárì kò ní B1 tó ṣe é sọ.

Tábílẹ́ẹ̀tì B-complex, tó kó oríṣiríṣi fítámì B pọ̀, kò wọ́n, mi ò sì bá a jà. Ẹ wo iye B1 tó wà nínú ẹyọ kan, nọ́ńbà NAFDAC àti ọjọ́ tó máa bàjẹ́. Ìtọ̀ tó pọ́n lẹ́yìn tí ẹ lò ó, B2 ló fà á, kì í ṣe àmì pé B1 ti ṣiṣẹ́. Ẹni tó ń jẹ ẹ̀wà déédéé, tí ara rẹ̀ le, kò nílò ẹyọ 100 mílígíráàmù. Èyí tó pọ̀ jù ń bá ìtọ̀ lọ ni. Àwọn tó yẹ kí wọ́n bá dókítà sọ̀rọ̀ nípa rẹ̀ ni ẹni tó ń mu ọtí líle lójoojúmọ́, aláboyún tí èébì kò jẹ́ kó jẹun, àti ẹni tó ń lo oògùn tó ń jẹ́ kéèyàn máa tọ̀ nítorí àìsàn ọkàn. Bí ẹsẹ̀ bá ń kú tipiri, tí ìrìn ń ta gọ́ọ́gọ́ọ́, tàbí tí ẹsẹ̀ ń wú, tí èémí ń há, ẹ má ra nǹkan kan ní ṣọ́ọ̀bù. Ẹ kọjá sí ilé ìwòsàn ìjọba lọ́jọ́ náà.